Ṣé ọ̀rọ̀ ìtura létí aláìsàn lè dín ìrora iṣẹ́ abẹ kù?

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu aráyé, bó ṣe sábà máa ń dé etí rẹ̀ ni pé àwọn dókítà kan ní Jámánì ti dá ọgbọ́n kan: wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ tó ń tuni lára sí aláìsàn létí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́wọ́, tó bá sì jí, kò ní nílò oògùn ìrora mọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, àsọdùn náà wà níbẹ̀. Ìwádìí náà wáyé lóòótọ́, ó sì jáde nínú ọ̀kan lára àwọn ìwé ìròyìn ìṣègùn tó lókìkí jù lágbàáyé. Ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni pa oògùn ìrora tì. Nítorí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń tàn kálẹ̀, àwọn kan ti sọ ọ́ di ọfọ̀ òyìnbó, àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn ni, àwọn tí iṣẹ́ abẹ wà lọ́rùn wọn sì ń rò ó bóyá kí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní Jámánì?

Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìwé ìròyìn BMJ ti Ìlú Ọba gbé àbájáde ìwádìí náà jáde. Ilé ìwòsàn ńlá márùn-ún ní Jámánì ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Aláìsàn 385 ló kópa, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 70, tí iṣẹ́ abẹ wọn yóò gba wákàtí kan sí mẹ́ta. Gbogbo wọn ni wọ́n kùn lóorun pátápátá. Lẹ́yìn tí oògùn ti gbé wọn lọ, wọ́n ki earpiece bọ gbogbo wọn létí.

Ohun tó wà lórí tèéèpù ló yàtọ̀. Àwọn 191 ń gbọ́ orin tó rọra ń dún lábẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ohùn ènìyàn tó ń bá wọn sọ̀rọ̀: pé kò séwu, pé àwọn tó ń tọ́jú wọn wà nítòsí, pé wọ́n lè sinmi, pé ara wọn fúnra rẹ̀ mọ ọ̀nà tó máa ń gbà sàn. Ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀rọ̀ náà. Tó bá parí, ẹ̀rọ á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ abẹ á fi parí. Àwọn 194 tó kù ní earpiece létí bákan náà, àmọ́ kò sí nǹkan kan lórí tèéèpù tiwọn.

Aláìsàn kò mọ apá tí òun bọ́ sí. Dókítà tó mú abẹ lọ́wọ́ kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wọn lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ̀. Ibi tí ìwádìí náà ti lágbára jù nìyẹn, nítorí bí nọ́ọ̀sì bá mọ ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtura, ó lè máa fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un ju ẹlòmíràn lọ láìfura, tàbí kó rò pé kò nílò abẹ́rẹ́.

Wákàtí 24 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ṣírò oògùn ìrora alágbára tí oníkálukú gbà. Oògùn alágbára tí à ń sọ níbí ni ìdílé mọ́fíìnì: àwọn oògùn tó ń pa ìrora dáadáa, àmọ́ tí wọ́n ń mú èébì wá, tí wọ́n ń di ìgbẹ́ mọ́ni nínú, tí wọ́n lè dín mímí kù bí ó bá pọ̀ jù, tí wọ́n sì lè di bárakú. Nínú àwọn tí kò gbọ́ nǹkan kan, 155 ló gba irú oògùn bẹ́ẹ̀, ìyẹn 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀, 121 ni, ìyẹn 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá to aláìsàn láti orí ẹni tó gba oògùn tó kéré jù dé orí ẹni tó gba èyí tó pọ̀ jù, ẹni tó bọ́ sí àárín gba mílígíráàmù 4.0 láàárín àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó gba 5.3 láàárín àwọn tí kò gbọ́. Ní ti ìrora fúnra rẹ̀, bí àwọn aláìsàn náà ṣe fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà ṣe ní jàǹbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wo iye yẹn. Ju ìdajì àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtura ló ṣì gba oògùn alágbára. Ìṣirò àwọn olùwádìí náà ni pé tí wọ́n bá lo tèéèpù yìí fún aláìsàn mẹ́fà, ẹnìkan nínú wọn ni kò ní gba oògùn tí ì bá gbà. Ẹnìkan nínú mẹ́fà kì í ṣe ohun à ń fojú kéré nínú ìṣègùn, pàápàá fún nǹkan tí owó rẹ̀ kò ju ti earpiece lọ. Àmọ́ àwọn márùn-ún yòókù wà níbẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé wọn.

Báwo lẹni tó ti sùn lọ fọnfọn ṣe ń gbọ́ràn?

Oorun oògùn kì í ṣe oorun alẹ́. Oògùn akunilóorun ń gba ìmọ̀lára àti ìrántí lọ́wọ́ ènìyàn, ó sì ń dá ara dúró gbagidi, ṣùgbọ́n kò dí ihò etí. Ìró ń wọlé, iṣan etí gbà á, ó sì gbé e dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Ẹ̀rọ tilẹ̀ lè rí àmì ìró náà nínú ọpọlọ ẹni tí wọ́n ti kùn lóorun. Ohun tí àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lé lórí ni ohun tí ọpọlọ ń fi ìró náà ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ìtàn kan wà tí àwọn dókítà tó ń kunni lóorun ṣì ń sọ títí dòní. Lọ́dún 1965, dókítà kan tó ń jẹ́ Levinson ní Gúúsù Áfíríkà kọ ìròyìn ohun tó dán wò lára aláìsàn mẹ́wàá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ eyín fún. Nígbà tí oògùn ti wọ̀ wọ́n lára dáadáa, dókítà tó kùn wọ́n lóorun ṣe bí ẹni pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó ní kí oníṣẹ́ abẹ dáwọ́ dúró, pé àwọ̀ aláìsàn náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, pé ètè rẹ̀ ti ń ṣú, pé òun fẹ́ fi ọ́síjìn kún un. Ó ṣe díẹ̀, ó ní ó ti dára, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Levinson fi hypnosis, ìyẹn ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fi ohùn darí ọkàn ènìyàn sójú kan, mú ọkàn wọn padà sí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́wàá tún ọ̀rọ̀ dókítà náà sọ bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mẹ́rin mìíràn kò rí i sọ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ibi tí wàhálà náà wà, ara wọn kò lélẹ̀ mọ́.

Ìwádìí Levinson kéré, kò sì ní ẹgbẹ́ kejì tí wọn yóò fi wé àwọn mẹ́wàá náà. Kò tún sí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn tó máa gbà kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù ba aláìsàn bẹ́ẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn, nítorí pé àwọn ìwádìí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ú lọ ti wá fi hàn pé ìlà tó wà láàárín gbígbọ́ àti àìgbọ́ kò ṣe tààrà bí a ṣe rò. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n á fi okùn atẹ́gùn, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún apá aláìsàn kan kí oògùn tó ń dá iṣan dúró má bàa dé ọwọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sọ fún un pé kó fi ọwọ́ yẹn fún ọwọ́ dókítà pọ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017, wọ́n ṣe èyí fún aláìsàn 260 lẹ́yìn tí wọ́n ti ki rọ́bà mímí bọ̀ wọ́n lọ́fun. Méjìlá nínú wọn fún ọwọ́ náà pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba àti Ireland, tó jáde lọ́dún 2014, nǹkan bí ẹnìkan péré nínú 19,000 tí wọ́n kùn lóorun ló wá sọ lẹ́yìn náà pé òun rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí rírántí. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni àwọn olùwádìí Jámánì ń sọ̀rọ̀ lé lórí, wọ́n sì fi kún un pé kí àwọn tó wà nínú tíátà kíyè sí ohun tí wọ́n ń sọ lórí aláìsàn tó sùn.

Kí ni ọ̀rọ̀ ń ṣe sí ìrora?

Ojú egbò ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọpọlọ ló ti ń di ìrora. Láàárín ibi méjèèjì, ọpọlọ lè fún ìhìn tó ń bọ̀ lọ́nà, ó sì lè dènà rẹ̀. Ìbẹ̀rù, àníyàn àti ìrètí wà lára ohun tó ń darí rẹ̀.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó fìdí èyí múlẹ̀ wá láti San Francisco lọ́dún 1978. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Levine, Gordon àti Fields, fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún ní ohun tí kò ní oògùn kankan nínú. Ara rọ àwọn kan nínú wọn síbẹ̀. Wọ́n wá fún wọn ní naloxone, oògùn tí wọ́n fi ń pa agbára mọ́fíìnì nínú ara. Ìrora àwọn tí ara ti rọ̀ tún padà dé. Ìyẹn já sí pé ara wọn ti pèsè ohun tó jọ mọ́fíìnì fúnra rẹ̀, nítorí pé wọ́n gbà pé wọ́n ti gba oògùn.

Ti Turin ní Ítálì, tó jáde lọ́dún 2001, ló tilẹ̀ hàn gbangba jù. Àwọn aláìsàn tí wọ́n la àyà wọn ni wọ́n lò. Omi iyọ̀ lásán ni wọ́n gbé kọ́ fún gbogbo wọn bíi dírípù, wọ́n sì gbà wọ́n láàyè láti béèrè oògùn ìrora kan tó ń jẹ́ buprenorphine nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kò sọ nǹkan kan fún ẹgbẹ́ kìíní nípa dírípù náà. Wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ kejì pé ó lè jẹ́ oògùn alágbára, ó sì lè jẹ́ omi lásán. Wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ kẹta pé oògùn alágbára ni. Omi kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Ẹgbẹ́ kejì béèrè buprenorphine tó fi nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ẹgbẹ́ kìíní. Ti ẹgbẹ́ kẹta fi nǹkan bí 34 dín.

Ibì kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Àwọn ará Turin lajú sílẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́. Àwọn ará Jámánì sùn. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà ran ẹni tó sùn lọ́wọ́ lè má jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹni tó jí, kò sì sẹ́ni tó tíì fi ẹ̀rí tó múná yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo ti Turin láti ṣàlàyé ti Jámánì ti ń yára jù.

Ṣé nǹkan tuntun ni?

Rárá o. Lọ́dún 1964, ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine gbé iṣẹ́ dókítà Egbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde láti Massachusetts General Hospital ní Boston. Aláìsàn 97 tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ inú fún ni wọ́n pín sọ́nà méjì. Dókítà tó máa kùn wọ́n lóorun bẹ gbogbo wọn wò ní alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ó sì ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe sùn fún wọn. Àwọn 51 kò gbọ́ nǹkan kan nípa ìrora.

Ti àwọn 46 yàtọ̀. Dókítà jókòó tì wọ́n, ó sì sọ ibi tí yóò ti dùn wọ́n, bí yóò ṣe le tó, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ó ní kó má jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn, pé iṣan tó wà lábẹ́ ojú abẹ ló máa ń fún pọ̀ tí ìrora fi ń wá. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè dẹ iṣan inú wọn, bí wọ́n ṣe lè mí kanlẹ̀, àti bí wọ́n ṣe lè fi ọwọ́ di ohun tí wọ́n so kọ́ òkè bẹ́ẹ̀dì mú kí wọ́n fi yí ẹ̀gbẹ́ padà láìjẹ́ pé inú fún. Ó sì sọ fún wọn pé tí gbogbo èyí kò bá tó, kí wọ́n béèrè oògùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ń padà wá wò wọ́n. Oògùn ìrora tí àwọn 46 yìí gbà jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti àwọn yòókù. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tí kò mọ ẹni tó wà ní apá ibo ló ń dá wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé, síbẹ̀ àwọn 46 yìí fi ọjọ́ 2.7 ṣáájú àwọn yòókù délé.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti wá ń wò ó bóyá tèéèpù lè ṣe é lójú oorun. Ní London lọ́dún 1988, Evans àti Richardson lò ó fún obìnrin 39 tí wọ́n yọ ilé ọmọ fún. Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtura tètè kúrò nílé ìwòsàn. Ọdún 1990 ni BMJ gbé ti Scotland jáde, obìnrin 63, irú iṣẹ́ abẹ kan náà: àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lo mọ́fíìnì mílígíráàmù 51.0, àwọn tí kò gbọ́ lo 65.7, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora tí àwọn méjèèjì sọ pé ó ń ṣe wọ́n kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1991, àwọn ará Amẹ́ríkà lo aláìsàn tó ju igba lọ, wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 32 pọ̀ lọ́dún 2016, tí aláìsàn inú wọn jẹ́ 2,102, ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀rọ̀ náà dín lílo oògùn kù díẹ̀, ó sì ran ìmúláradá lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ kò hàn pé ó dín ìrora fúnra rẹ̀ kù. Orí ilẹ̀ gbágungbàgun yìí ni ìwádìí 2020 ti wá dúró. Òun ló tóbi, tó sì ní ìlànà tó le jù nínú wọn, ìdí nìyẹn tí ariwo fi pọ̀ lórí rẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ náà lè pa kún ìrora?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, apá yìí sì ni ẹ̀rí rẹ̀ tètè yéni jù. Ní Boston lọ́dún 2010, àwọn dókítà tẹ̀ lé obìnrin 140 tí wọ́n ti wà ní oṣù ìbí, tí wọ́n fẹ́ gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ ńlá náà, wọ́n kọ́kọ́ máa ń gún kékeré kan tí yóò pa ojú ibẹ̀. Wọ́n sọ fún ìdajì wọn pé oògùn yìí yóò mú ibẹ̀ kú, ara yóò sì rọ̀ wọ́n títí wọn á fi ṣe tán. Wọ́n sọ fún ìdajì kejì pé yóò dà bí ìgbà tí oyin ńlá bá ta wọ́n, pé ibẹ̀ ló burú jù. Abẹ́rẹ́ kan náà, oògùn kan náà. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fi òǹkà 0 sí 10 wọn ìrora náà, àárín ti àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ 3, ti àwọn kejì jẹ́ 5.

Elvira Lang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2005. Wọ́n wo fídíò bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn 159, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera ń sọ sílẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti kìlọ̀ pé yóò dùn ún, yóò gbóná, yóò ta á, ìrora tí aláìsàn sọ pé òun ní máa ń pọ̀ sí i. Níbi tí wọ́n bá ti káàánú rẹ̀ lẹ́yìn náà pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìrora kò pọ̀ sí i, àníyàn ló pọ̀ sí i.

Èyí kan wọ́ọ̀dù tiwa gbọ̀ngbọ̀n. Ta ni kò tíì gbọ́ kí nọ́ọ̀sì sọ pé “Ó máa ta yín díẹ̀ o, ẹ gbà á mọ́ra”? Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni yẹ kó bá wọn jà lé e lórí. Àmọ́ ohun tí ìwádìí Boston ń tọ́ka sí ni pé “Mo fẹ́ pa ojú ibẹ̀ kí ara lè rọ̀ yín, ẹ mí kanlẹ̀, màmá” jẹ́ òótọ́ bákan náà, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tó yàtọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, “Ṣé ó ń dùn yín gan-an?” ń fi ọwọ́ aláìsàn sójú egbò. “Ara ńkọ́? Ṣé ẹ ti lè yí ẹ̀gbẹ́ padà?” ń béèrè ohun kan náà láìfi ọwọ́ síbẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Australia dán irú èyí wò lára àwọn obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, ó sì jáde lọ́dún 2013: àwọn tí wọ́n bi léèrè ìrora ni ojú abẹ yọ lẹ́nu ju àwọn tí wọ́n bi léèrè bí ara ṣe rọ̀ wọ́n tó.

Ṣé hypnosis ni, àbí ọfọ̀?

Àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ orí tèéèpù Jámánì náà lo ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ nínú hypnosis, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe hypnosis fún ẹnikẹ́ni. Hypnosis ń fẹ́ ẹni tó jí, tó gbà, tó sì ń tẹ̀ lé ohùn ẹni tó ń darí rẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi pa pọ̀ sójú kan. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Liège ní Belgium ti ń lò ó láti ọdún 1992 pẹ̀lú oògùn ìfarabalẹ̀ díẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún bẹ́ẹ̀ láìkùn wọ́n lóorun pátápátá. Ní New York, Guy Montgomery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo hypnosis ìṣẹ́jú 15 ṣáájú iṣẹ́ abẹ fún 200 obìnrin tí wọ́n ní àrùn ọmú. Lọ́dún 2007 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé oògùn tí àwọn tí wọ́n ṣe é fún nílò nínú tíátà dín kù, ìrora, èébì àti àárẹ̀ wọn náà sì dín kù.

Ní ti ọfọ̀, ẹni tó ń pe ọfọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní àṣẹ lórí ohun tó ń pè, yálà ẹni náà gbọ́ tàbí kò gbọ́. Àwọn dókítà yìí kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ tiwọn. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé ọpọlọ gbọ́, ọpọlọ sì yí bó ṣe ń gba ìrora padà lọ. Àdúrà kò sí lára ohun tí wọ́n wò rárá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìwádìí yìí gbè é tàbí fi takò ó.

Kí ni àwọn dókítà ń jiyàn lé lórí?

Àkọ́kọ́ ni bí àǹfààní náà ṣe tóbi tó. Àwọn tó ń ṣiyèméjì ní mílígíráàmù 1.3 ti mọ́fíìnì kéré, àti pé iṣẹ́ abẹ tí ìrora rẹ̀ kò le jù ni ọ̀pọ̀ aláìsàn náà ṣe, bí a bá fi ìwọ̀n oògùn tí wọ́n lò ṣe òdiwọ̀n. Ta ló mọ bí yóò ṣe rí fún ẹni tí wọ́n la àyà rẹ̀? Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ìbéèrè gidi ni iye ènìyàn tí kò gba oògùn náà rárá, wọ́n sì ń tọ́ka sí 63 àti 80 yẹn. Ìhà méjèèjì ló fẹ́ kí ẹlòmíràn tún un ṣe níbòmíràn kó tó di ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn ń lò.

Èkejì ló wọni lára jù: òtítọ́. Aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i kó tó fọwọ́ sí ìwé. Bí ìkìlọ̀ bá ń pa kún ìrora, ṣé kí dókítà dákẹ́ ni? Àwọn kan sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtura ti lè di irọ́, wọ́n sì ń tọ́ka sí ẹgbẹ́ kẹta ní Turin, tí wọ́n tàn jẹ ní ti gidi. Àwọn mìíràn ní Egbert ti dáhùn láti ọdún 1964. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún àwọn 46 yẹn; òun tilẹ̀ ló sọ fún wọn pé yóò dùn wọ́n, nígbà tí àwọn 51 kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó fi kún un ni ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Tí a bá fi ti Egbert àti ti Boston sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó jọ pé ìkìlọ̀ tí kò ní ọ̀nà àbáyọ nínú ló ń dá kún ìrora.

Ẹ̀kẹta ni bóyá tèéèpù lè rọ́pò ènìyàn. Nínú àkójọ tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, ṣe lọ́dún 2016, ìwádìí 105 ni wọ́n wò lórí mímú ọkàn aláìsàn gbára dì kó tó ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó dín ìrora àti ọjọ́ tó ń lò nílé ìwòsàn kù, àmọ́ wọ́n kìlọ̀ pé ẹ̀rí inú ọ̀pọ̀ ìwádìí náà kò lágbára.

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, oògùn ìdílé mọ́fíìnì ti di àjàkálẹ̀. Ju 80,000 ènìyàn ló bá a lọ lọ́dún 2021 nìkan. Ohunkóhun tó bá dín lílò rẹ̀ nílé ìwòsàn kù ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́.

Wàhálà tiwa ní Nàìjíríà yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn Lancet gbé kalẹ̀ lórí ìtọ́jú ìrora, tó jábọ̀ lọ́dún 2017, ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí mọ́fíìnì kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn rárá. Paracetamol, diclofenac, pentazocine àti tramadol ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìyẹn bí ẹbí bá ti rí owó rà á wá láti ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Nítorí náà, ewu tó wà nínú ìròyìn yìí fún wa ni kí ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ dídùn bo àìsí oògùn mọ́lẹ̀. A ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú rẹ̀ gbẹ̀bí pé kó fara dà á, pé àwọn yòókù ti ṣe é. Kò sí ìkankan nínú àwọn ìwádìí tí mo kà sílẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ inú àti àyà tó fi oògùn du aláìsàn. Gbogbo wọn ló ní oògùn níkàáwọ́, wọ́n sì ń ka iye tó béèrè.

Kí lẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ lè ṣe?

Ó lè béèrè lọ́wọ́ dókítà akunilóorun, kí ọjọ́ náà tó pé, ibi tí yóò ti dùn ún, iye ọjọ́ tí yóò gbà, oògùn tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀, àti ẹni tó máa pè lóru bí kò bá tó. Ìbéèrè tí Egbert dáhùn fún àwọn 46 láì jẹ́ pé wọ́n bi í nìyẹn. Ó lè ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń fi ìrọ̀rí tẹ ojú abẹ bí ikọ́ bá fẹ́ wá, àti bí wọ́n ṣe ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀, kó sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó le, kó má sì dúró dìgbà tí kò ní ṣeé gbé mọ́.

Èdè náà ṣe pàtàkì. Jámánì ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ inú tèéèpù yẹn, fún àwọn tó gbọ́ Jámánì. Ìyá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní London, tó jẹ́ pé Yorùbá ló gbọ́ jù, kò lè rí àǹfààní nínú àlàyé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kíá-kíá ṣe fún un lẹ́nu ọ̀nà tíátà. Ní NHS, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba Ìlú Ọba, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ láìsan owó, àmọ́ ó sàn kí ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ fún wọn láti ọjọ́ tí lẹ́tà iṣẹ́ abẹ ti dé.